Gọ́ọ̀mù Awọ Àgbò

Bí ẹ bá rí ọkọ mi níbi tó ti ń dán gọ́ọ̀mù wò, ẹ ó rò pé ìyàwó kejì ló ń yàn. Á gbé e sókè sójú fèrèsé, á wò ó bóyá ó mọ́ gaara. Á gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ti dì nínú abọ́, á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á sì dúró wò ó bóyá ibi tó tẹ̀ yóò padà sókè. Lẹ́yìn náà á yọ́ ọ, á fi díẹ̀ sáàrin àtàǹpàkò àti ìka kejì, á máa pa wọ́n pọ̀, á máa yà wọ́n, títí yóò fi máa fà bí òwú. Èmi tí mo ti ibi iṣẹ́ dé tí ebi ń pa, ilé ìdáná mi ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Dáúdà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà kó tó wá sí London. Ní ọdún 1993 tí mò ń sọ yìí, ibì kan ní Woolwich tí wọ́n ti ń tún fáólìn, gòjé àwọn òyìnbó, ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi Medinat ń tọ́jú àwọn arúgbó. South Thamesmead là ń gbé, nínú ilé oníkọnkéré tí ògiri rẹ̀ ń làágùn láti January títí dé December. Ẹ bá mi bi káńsù léèrè ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, torí èmi bi wọ́n títí, n kò rí ìdáhùn.

Gọ́ọ̀mù awọ ẹran ni wọ́n fi ń to ohun orin onígi pọ̀, torí pé lọ́jọ́ tí igi bá nílò àtúnṣe, omi gbígbóná lè tú u láìba igi jẹ́. Wọ́n ń ta á nínú àpò, ṣùgbọ́n àpò kì í sọ irú ẹran tí wọ́n bó. Dáúdà ní òun kò lè máa fọwọ́ po ẹlẹ́dẹ̀ láti àárọ̀ kí òun tún fi ọwọ́ kan náà kírun. Nítorí náà, lẹ́yìn Iléyá lọ́dọọdún, á lọ kó awọ àgbò tiwa àti ti àwọn ọ̀rẹ́ wa níbi tí wọ́n ti pa wọ́n. Á rẹ ẹ́ sínú omi ẹfun ní bákónì kí irun rẹ̀ lè bọ́, á há a, á gé e wẹ́wẹ́, á sá a. Àwọn aládùúgbò ń kùn, èmi náà sì ń bá wọn kùn lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tó bá tó àkókò, á gbé awọ yẹn sórí iná, iná tó kéré débi pé ẹ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Omi náà kò gbọdọ̀ hó láéláé. Dáúdà sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi. Ó ní gọ́ọ̀mù tó dára lágbára ju igi lọ, pé tí ẹ bá fẹ́ ya ohun tó lẹ̀, igi ni yóò kọ́kọ́ fàya. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti hó, agbára rẹ̀ ti lọ. Á ṣì jọ gọ́ọ̀mù, á ṣì lẹ̀, títí di ọjọ́ tó bá wù ú láti jọ̀wọ́ ohun tó dì mú láìkí ẹnikẹ́ni.

Saadat nìkan la bí, London la sì bí i sí. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, háàpù ló mú, ohun olókùn gíga yẹn tí wọ́n máa ń gbé ti èjìká ọ̀tún bí wọ́n bá jókòó. Tó bá ń ta á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi. Òpó kan wà níwájú háàpù, ọrùn kan sì tẹ̀ kọ́rọ́ lókè, ara ọrùn yẹn ni gbogbo okùn ti ń fà. Dáúdà ní bí wọ́n ṣe ń fà á, ó ju ìwúwo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ lọ, tọ̀sán-tòru sì ni. Ibi tí ọrùn àti òpó ti pàdé là ní oṣù June, ilé ẹ̀kọ́ ní kò sówó òmíràn. Mrs Margaret, tó ń kọ́ wọn lórin, ti fẹ́ yọ orúkọ Saadat kúrò nínú eré ìparí ọdún. Ọmọ náà sunkún títí. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n gbé háàpù náà wá sílé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Auntie Munirat, ẹ̀gbọ́n Dáúdà obìnrin, ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé láti wá kí wa. Èèyàn dáadáa ni. Kò kàn lè jókòó láìfọwọ́ kan nǹkan ni. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé bá aṣọ tí mo ti fọ̀ tí ó ti tún fọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Dáúdà gbé awọ kaná. Láàárọ̀, ó bu díẹ̀ nínú omi rẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ, ó gbé e sínú fíríìjì títí ó fi dì, ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, inú rẹ̀ sì dùn. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò yìí o.” Auntie ní kí ni òun fẹ́ fi í ṣe. Dáúdà lọ sí mọ́sálásí, èmi ti lọ síbi iṣẹ́ mi. Nígbà tí ó dé, gbogbo awọ náà ti yọ́ tán. Ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ó tètè jinná, pé àwọ̀ rẹ̀ tún dúdú díẹ̀, bóyá irú àwọn àgbò tọdún yìí ni. Kàtá ń bá a jà, kò lè gbóòórùn ohunkóhun. Ó sẹ́ ẹ, ó fi lẹ háàpù náà, ó fi irin dì í pinpin.

Bó ṣe máa ń ṣe, ó mú ègé igi méjì, ó fi gọ́ọ̀mù kan náà lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó gbé wọn sójú fèrèsé yàrá wa. Ẹlẹ́rìí ló ń pè é. Tí ẹlẹ́rìí bá gbẹ, á fi òòlù fọ́ ọ, kó lè mọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí kò fọ́ ọ. Ó so okùn mọ́ háàpù, háàpù dúró, ohùn rẹ̀ dùn, Saadat rẹ́rìn-ín fún wa fún ìgbà àkọ́kọ́ láàrin oṣù kan, wọ́n sì gbé háàpù náà padà. Ẹlẹ́rìí wà níbi tó wà. Nígbà tí mo rán an létí, ó ní òun ti dán gọ́ọ̀mù náà wò láàárọ̀ Jímọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù July ni eré náà, ní gbọ̀ngàn kan nítòsí ọjà Woolwich. Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti wá gbé Saadat ní òwúrọ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi ní ẹnu ọ̀nà pé, “Mummy, please, kí Daddy má wọ jacket tó ní paint yẹn. And no clapping anyhow.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo wá dúró sídìí síńkì, mò ń fọ pọ̀nmọ́ tí mo rà ní Woolwich fún ọbẹ̀ alẹ́.

Auntie ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìn mi. Ó ní, “Ìyàwó, má fi káún síyẹn o. Pọ̀nmọ́ ìlú òyìnbó ò gba káún.”

Mo ní, “Auntie, ta ló ń fi káún sí pọ̀nmọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Èyí tí Dáúdà gbé kaná ní Friday yẹn ńkọ́? Iná ẹ̀ ò tó nǹkan, kò níyọ̀, kò láta. Mo ní bóyá ẹ ń ṣọ́ gáàsì lò ni. Mo bá yí iná ẹ̀ sókè, mo fi káún bíńtín sí i kó lè tètè rọ̀. Kí n tó kírun tán, ó ti hó, ó ti yọ́ mọ́ omi. Ojú tì mí gan-an. Mo ní n ò ní lè sọ fún àbúrò mi pé mo ti fi ẹran ẹ̀ ṣòfò.”

Mo ju pọ̀nmọ́ ọwọ́ mi sínú síńkì. Mo pe Dáúdà, ohùn tí mo fi pè é kò jọ tèmi, ó sì jáde wá pẹ̀lú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ṣíṣí.

Ó ní kí Auntie tún un sọ. Auntie tún un sọ. Ó ní, “Ó hó?”

“Ó hó dáadáa.”

“Ẹ sì fi káún sí i?”

“Bíńtín ni, Dáúdà. Kí ló dé?”

Ó wọ yàrá lọ, ó mú ẹlẹ́rìí wá pẹ̀lú òòlù, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ó gbé igi náà lé orí pákó ẹnu ọ̀nà. Ó rọra kan án. Kò tíì lù ú tó bí ẹni kan ìṣó nígbà tó là sí méjì, ó là ní ojú ibi tó ti lẹ̀ ẹ́ gan-an. Ojú méjèèjì ń dán. Fọ́nrán igi kan ṣoṣo kò fàya níbẹ̀. Dáúdà fi àtàǹpàkò kan án, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tutù rínrin bíi pé àárọ̀ yẹn ló lẹ̀ ẹ́.

“Káún ń fa omi mọ́ra,” ló sọ, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Mo ní, “Daddy Saadat, tí háàpù yẹn bá yà, ibo ni yóò bọ́ sí?”

Ó kàn gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ara rẹ̀.

Mo sáré sídìí fóònù. Mo pe ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó dún, ó dún, Sátidé ni, kò sẹ́ni tó gbé e. A kò mọ nọ́ńbà gbọ̀ngàn. Dáúdà ti wọ bàtà, jákẹ́ẹ̀tì ọlọ́dà yẹn náà ló sì wọ̀, torí òun ló wà nítòsí. A sáré bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Auntie lẹ́yìn wa, ó ń mí hẹlẹ, kò sì sẹ́ni tó pè é nínú wa.

Bọ́ọ̀sì dé, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń rìn, bí ẹni tó ń lọ kí àna ni. Ó dúró ní Abbey Wood, ó dúró ní gbogbo ibi tí ènìyàn lè dúró sí ní Plumstead, àwọn arúgbó ń gun orí rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọjà wọn. Èmi tí mò ń fi arúgbó ṣiṣẹ́ jẹun, mo kórìíra gbogbo wọn lọ́jọ́ yẹn. Oòrùn mú. Mò ń ka Áyátúl Kúrísíyù, àdúrà ààbò inú Kùráànì, lẹ́nu, mò ń kà á já sáàrin, mò ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ọmọ mi ni mò ń rí. Mò ń rí i láìsí ojú kan. Mo ní kí Ọlọ́run mú ojú tèmi dípò.

Mo bi Dáúdà léèrè pé, “Ṣé tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, kò séwu?”

“Kì í ṣe títa ló ń yà á. Okùn ń fà á báyìí tí a jókòó yìí.” Ó nu ojú. “Gbọ̀ngàn yẹn á gbóná. Èèyàn á pọ̀, èémí wọn á kún ibẹ̀. Mo dán an wò, Medinat. Mo dán an wò láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́,” ni mo wí. Mo fẹ́ bínú sí i, mo sì rí i tó ń nu àtàǹpàkò tí gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. Auntie jókòó sí iwájú wa, kò yíjú wẹ̀yìn rárá.

A ti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn gbọ́ háàpù. Mo sì dá orin náà mọ̀, torí òun ni Saadat ti ń fẹnu kọ sí mi létí nílé láti oṣù March. Gbogbo àga ti kún. Saadat dá wà lórí ìtàgé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé háàpù ti èjìká ọ̀tún, ó di ojú méjèèjì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà níbi tí bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ hàn mí.

Mo la ẹnu láti kígbe, Dáúdà sì gbá mi lọ́wọ́ mú. “Má pariwo. Tó bá ta gìrì, á fà á mọ́ra.”

Ó ń bá ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, mo tẹ̀lé e. A ti fẹ́ dé iwájú nígbà tí mo gbọ́ ọ, ohùn kékeré kan tó gbẹ, tí kì í ṣe ti okùn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi ìṣáná. Saadat kò gbọ́ ọ. Dáúdà gbọ́ ọ, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Níbi tí òpó àti ọrùn ti pàdé, ìlà dúdú kan ti là. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí háàpù náà kúrò nílé wa.

Mrs Margaret dìde nísàlẹ̀ ìtàgé, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí wa, ó ní kí a jọ̀ọ́ dúró kí ó ta á parí. Dáúdà sọ fún un ní òyìnbó pé háàpù náà fẹ́ já. Ó rẹ́rìn-ín sí i, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí òbí tó ti ṣàṣejù. Dáúdà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gun ìtàgé.

“Saadat,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “fi í sílẹ̀. Dìde.”

Ọmọ náà la ojú. Ó rí bàbá rẹ̀, ó rí jákẹ́ẹ̀tì ọlọ́dà, ó rí gbogbo ojú tó ń wò wọ́n nísàlẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò dúró, ó ń ta á lọ. “Dad, go away,” ló ń wí láàárín eyín. “Please. Kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Ó fẹ́ já. Dìde.”

“You fixed it. Ẹ ní ó ti dáa.” Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fa háàpù mọ́ra, ó fi orí tì í, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Dáúdà na ọwọ́ méjèèjì, kò lè fọwọ́ kàn án. Bí òun bá fà á lápá kan tí ọmọ náà sì fà á lápá kejì, ohun tí a sá wá dènà ni a ó fọwọ́ ara wa ṣe. Àwọn ènìyàn ti ń kùn. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò mọ̀ pé mo ti gun ìtàgé, mo kàn rí i pé mo dúró níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò sì gbé mi síwájú mọ́.

Auntie Munirat ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Aṣọ tó fi ń já ẹ̀fọ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Ó rìn lọ síwájú Saadat, ó ká ìró rẹ̀ díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì dún lórí pákó.

“Saadat, èmi ni mo bà á jẹ́,” ó ní. “Kì í ṣe bàbá ẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́run, dìde níbẹ̀.”

Ọwọ́ Saadat kúrò lára okùn. Ọmọ London ni, ó máa ń bá mi jiyàn lórí gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n ilé mi ló dàgbà sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, òun sì jókòó. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó fò sókè kó tó ronú, ó ní, “Auntie, no, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́,” ó yí háàpù po, òun náà kúnlẹ̀, ó ń fà á lápá méjèèjì pé kó dìde.

Háàpù mì. Dáúdà gbá òpó rẹ̀ mú, ó yí ojú tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbà yẹn ni háàpù náà sì já. Ariwo rẹ̀ dà bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣubú. Ọrùn náà fò kúrò lórí òpó, ó yí, ó já bọ́ sápá ọ̀tún, gbogbo okùn sì tú ká sáfẹ́fẹ́. Ọ̀kan la apá jákẹ́ẹ̀tì Dáúdà títí kan ẹran ara. Orí igi náà sọ̀ kalẹ̀ sórí àga tí Saadat dìde lórí rẹ̀, ó sì fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ọwọ́ Dáúdà, kò wò ó, àga yẹn ló ń wò. Mrs Margaret wá dúró tì mí. Ó rọra bi mí pé kí ni ìyá yẹn sọ tí ọmọ náà fi dìde bẹ́ẹ̀. Mo ní ó bẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní bàbá rẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n òyìnbó mi ti sá lọ.

Saadat ṣì kọ̀yìn sí wa, ó ń fa Auntie, Auntie kò sì lè dìde. Kò tíì bojú wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mi wá gbé mi, mo sì lọ dúró sáàrin rẹ̀ àti àga náà, kó má bàa rí i.